Méjì Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́

Ìwé ẹgbẹ́ olóbì Ṣàgámù, ogójì ọdún gbáko,
akọ̀wé Odúnúga ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lóru,
tàmì òkè tàmì ìsàlẹ̀, kò fo ọ̀kan.
Orúkọ tí ò lámì, ó ní, ìhòòhò ló wà.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ètò tí yóò máa kà á síta,
Jafasikirípìtì, lórí sáfà kékeré
tó ń gbóná lẹ́yìn fìríìjì ní ọ́fíìsì Sábó.
Mo kọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo tiẹ̀ fọn fèrè ẹnu.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí nínú lọ́hùn-ún.
Kò sí ọ níbẹ̀, kò sí ẹ, kò sí ṣ.
Nọ́ńbà ni gbogbo ẹ̀, nínú apẹ̀rẹ̀ tí à ń pè ní Bọ́fà.
Lẹ́tà a ń jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún,
ó dá gbé, kò bá ẹnikẹ́ni pín yàrá.
Ṣùgbọ́n ọ, ọ tiwa yìí,
ẹni mẹ́ta ló ń jẹ́ ẹ pọ̀:
igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n,
mẹ́tàdínláàdọ́wàá,
ọ̀kànlélógóje.
Tóo bá tún gbé ohùn lé e lórí,
méjì mìíràn á rọ́ tẹ̀ lé wọn.
Ẹ wo èrò tó ń péjọ
kí ènìyàn tó lè pe ọmọ ẹ̀ lọ́mọ.

Èrè ọdún dé, mo tẹ lẹ́tà irínwó.
Gbogbo wọn dán, àfi ọ̀kan.
Ìyá Láńrewájú ò kí mi. Ó gbé ìwé sórí tábìlì:
“Yèsí ló sọ òkúta lu bàbá mi?”
Òkúta ni lóòótọ́, méjì, dúdú,
àmì ìbéèrè há sí ikùn ìkọ̀ọ̀kan wọn,
wọ́n jókòó síbi tí Ọ yẹ kó wà
nínú Ọ̀ṣọ́sànyà.
Báńkì ò sì í sanwó fún òkúta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a.
Sáfà kì í kó fáìlì ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ẹgbàá méjìlélọ́gbọ̀n báìtì ó lé díẹ̀,
apẹ̀rẹ̀ kún, ó di òmíràn.
Èmi ni mo sì pàṣẹ fún un:
ohun tóo bá bá nínú ìkọ̀ọ̀kan,
kígbe ẹ̀ síta lójú ẹsẹ̀.
Ọ ti bàbá bọ́ sí etí apẹ̀rẹ̀ gan-an.
Ẹni méjì ti wọlé;
ẹnì kẹta ṣì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn.

Mo jáde lọ gba atẹ́gùn.
Ọmọkùnrin kan, Ṣómidé, ń ka gbànja sínú ọkọ̀ Kánò,
márùn-ún, márùn-ún, ó ń pè é lọ́wọ́:
ọwọ́ kan. Ọwọ́ méjì. Ọwọ́ mẹ́ta.
Apẹ̀rẹ̀ gbẹ. Méjì ṣẹ́kù sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.
Kò pè é. Kò jù ú nù.
Ó di ìkúùkù, ó ń fi ẹnu mu omi ọ̀rá
títí wọ́n fi wọ́ apẹ̀rẹ̀ kejì dé,
ó mú mẹ́ta kún un.
Ọwọ́ mẹ́rin.

Mi ò rántí pé mo dágbére.

Ìlà méjì péré ni mo yí padà nínú ètò náà.
Tí lẹ́tà ò bá pé báyìí, sáfà á dákẹ́,
á di ìkúùkù.

Mo tún lẹ́tà tẹ̀. Ìyá Láńrewájú fi èékánná
tẹ̀ lé e, àmì kan tẹ̀ lé òmíràn,
bí ẹni tó ń wá kòkòrò lára obì.
Ó gbé e lọ sí báńkì.

Wọ́n sanwó. Ìwé tí wọ́n fún un níbẹ̀ kà báyìí: OSOSANYA.
Kò sí àmì kan ṣoṣo.
Ó ká tiwọn mọ́ owó.
Tiwa, ó ní kí n wá ìṣó fún òun.