Kágò

Sàláwù bàbá mi, alárù ni ní ìdí ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo.
Kì í ṣe akọ̀wé, kì í ṣe àáfà,
àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń yangàn.
"Kágò," á ní, "tiwa ni.
Ẹnu wa ni òyìnbó ti gbọ́ ọ.
Tí àpò kòkó bá wà lórí mi,
tí ọrùn mi wọnú èjìká lọ bí ti ahun,
tí n kò rí iwájú, tí n kò rí ẹ̀gbẹ́,
kí ni mò ń ké?
Àgò o! Àgò lọ́nà!
Ẹni tó ru ẹrù ló ń kágò.
Ọ̀gá ọkọ̀ dúró, ó fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé,
ó gbé e lọ sílùú rẹ̀."

A gbà á gbọ́.
Ta ni yóò bá ẹni tó ru àpò kòkó jiyàn?

Mo dé fọ́ọ̀mù kẹta.
Ọ̀gbẹ́ni Olúgbèmí ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù,
ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ewé bí èèrà:
"Sípéènì ló ni ín. Kagá: di ẹrù lé.
Inú kagá ni kágò ti jáde,
ara kẹ̀kẹ́ ẹrù ayé àtijọ́ ni kagá fúnra rẹ̀ ti wá."
Ó pa ìwé dé. Eruku dìde.
Ó ní ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi ń kó o,
pé nígbà kan, ohun tí wọ́n ń kà sínú ìwé ẹrù…
Kò parí ẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé.
Èmi ni mo fi àmì sí i nínú ìwé mi:
ẹrù, ẹrú.
Ohùn kan péré ló gòkè.

N kò sọ fún bàbá mi.
Mo délé, ó na ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa l'Áyétòrò,
ìyá mi ń fi òrí wọ́ ọ lọ́rùn.
Ibi tí òṣùká ti jẹ irun tán ní àtàrí rẹ̀
ń dán bíi sísì tuntun.
"Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"
Mo ní ìṣirò.

Koríko ti hù láàárín irin méjèèjì báyìí.
Ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbi tí àpò kòkó ti ń ga bí òkè.
Ní ọjọ́ tí a sin Sàláwù,
ọkùnrin mẹ́rin gbé e lé èjìká,
ọ̀kadà dí ọ̀nà, ọmọ iléèwé dí ọ̀nà,
alágbàfọ̀ kan gbé agbada aṣọ rẹ̀ sójú títì.
Ẹni tó wà níwájú kò mọ bàbá mi rí, ọ̀yájú lásán ni;
ó la ẹnu, ó ké e:
Àgò o! Àgò lọ́nà!
Ọ̀nà là.

Mo mọ ohun tí ìwé wí. N kò bá ìwé jà.
Àmọ́ tí ọmọ mi bá bi mí léèrè ibi tí kágò ti wá,
ọwọ́ mi kì í kọ́kọ́ lọ síbi ìwé.
Àárín orí ara mi ni mo máa ń fọwọ́ kàn,
níbi tí irun ṣì wà.