Ẹni Tí Yóò Padà Sílé

Ọyẹ́ Kafanchan ti gbẹ ètè wa bí èèpo ẹ̀pà
nígbà tí Fada Yashim fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó:
rediturus.
Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ẹ̀wù ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló wọ̀.
Ẹni tí kò tíì padà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sílé."
Ṣamaki tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi:
kí lẹ ń pè é lédè yín?
Mo wá a títí. Mo rí abọ̀,
n ò rí orúkọ fún ẹni tó kù díẹ̀ kó bọ̀.

Rediturus, bó bá jẹ́ òun ló dìde;
rediturum, bó bá jẹ́ pé àwa là ń wò ó;
redituri, fìlà tó fi kọ́ ìṣó jẹ́ tirẹ̀;
redituro, ẹ bu omi fún un.
Obìnrin ni reditura. Ìyá mi nìyẹn,
tó di àwo tánganran rẹ̀ sínú páálí
láti Kérésì èṣín, tí kò tíì tú u,
tó ń fi ike bu oúnjẹ fún wa.

Ọ̀rọ̀ tiwa kò ní ìrù tí à ń pààrọ̀.
Ohùn la fi ń yí i.
Òyèékànmí, bàbá mi, akọ̀wé relùwéè,
ọdọọdún ló ń sọ ọ́ nípa Ọ̀fà: "N ó lọ."
Reluwé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀
pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú Bíbélì,
ohùn rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
títí "n ó lọ" fi ń dún létí mi bí
"n ò lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì Fada kọ́ wa ní èyí tó ń dá dúró,
ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá gbólóhùn tan:
patre redituro,
nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá padà.
Ó ní kálukú parí rẹ̀.
Ṣamaki ní, wọ́n ta ewúrẹ́.
Èmi kọ ọ́ pé, ó gbin máńgòrò sẹ́yìnkùlé.

Fada fi tádàwà pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀:
"Gírámà rẹ pé.
Ṣùgbọ́n ta ni ń gbin máńgòrò lọ́jọ́ tó ń dẹrù?"
Mo gba ìwé mi. N kò dá a lóhùn.
Igi náà ti ga dé fèrèsé.