Ojú Aago

Fóòmù ni òkúta wa. Páákó ni òpó.
Bí o bá yí sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì,
ìṣó àti okùn iná ni òrìṣà tó ń gbé ibẹ̀.
Èmi Ubaldo, akunlé ọmọ akunlé,
ọdún kọkànlélógún rèé
tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì sọ ohun fífúyẹ́ di àpáta
létí ọ̀nà Tuscolana, níbi tí Róòmù
ti ń kú lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń jí lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nerina Scalfati wọlé,
awò méjì: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí.
Wọ́n ní kó wá bá wa yọ irọ́ kúrò nínú eré
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ó dé ilé ìdáná aya sẹ́nétọ̀, ó ní,
“Ta ló kó tòmátì síbí? Òkun ṣì wà láàárín wọn.
Ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ọdún kí ọkọ̀ tó gbé e dé.”
Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin, ó ní,
“Ẹ tú irin ẹsẹ̀ yẹn. Itan ni wọ́n fi ń di ẹṣin mú.”
À ń tú, à ń kó, à ń ráhùn lábẹ́ ahọ́n.

Ó wá dúró ti ère ìyá òrìṣà
tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kùn ní funfun kinniwin.
Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní,
“Ubaldo, ta ló bọ́ ìyá yìí síhòòhò?
Ètè rẹ̀ pupa. Ó lé tìróò.
Aṣọ rẹ̀ búlúù bí ojú ọ̀run àfẹ̀mọ́júmọ́.
Òjò ló fọ̀ ọ́ di òkú,
òkú yẹn lẹ sì rí, tí ẹ ń pè ní ẹwà.”

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.
Mo po pupa, mo po búlúù,
mo lé tìróò fún ìyá onífóòmù
bí ẹni ń múra ìyàwó fún alẹ́ rẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́. Ludovico olùdarí eré dé, ó rí i, ó pariwo:
“Kí lèyí? Ta ni yóò gbà pé Róòmù ni?
Funfun layé mọ̀ ọ́n sí!”
Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Kí n má purọ́,
owó ọ̀sẹ̀ ni mo wò, mo tún dà á sí funfun.
Àfi ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà ò lè dé,
mo fi búlúù díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀ràn Gavino ló kù.
Awakọ̀ tíráàmù ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹrú arúgbó ló ń ṣe,
iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó gbé àwo wọlé, kó gbé àwo jáde.
Wọ́n gba aago ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ àpótí,
ṣùgbọ́n oòrùn ogójì ọdún lójú fèrèsé tíráàmù
ti ya òrùka funfun kan sọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.
Wọ́n fi àtíkè pa á, òógùn fọ̀ ọ́.
Wọ́n tún pa á, òógùn tún fọ̀ ọ́.
Ludovico ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Gavino ń tọrọ àforíjì
lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan ajá.

Nerina mú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó yí i sí iná,
ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń ka òkúta ibojì.
“Ẹ fi sílẹ̀,” ló wí.
“Ibi tí ẹ̀wọ̀n bá wà, oòrùn kì í débẹ̀.
Bí wọ́n tú ẹni tí wọ́n dè, ojú okùn a kù.”

Oṣù Kìíní ni wọ́n fi eré náà hàn.
Èmi àti Ersilia jókòó, obẹ̀ tòmátì lẹ́nu wa,
ère funfun ń kọjá, ẹṣin ń kọjá,
ó ní, “Nínú gbogbo èyí, èwo ló rí bẹ́ẹ̀ rí?”
Ọwọ́ kan gbé àwo olífì ka tábìlì.
Mo ní, “Òun nìyẹn…”
Ó ti lọ kí n tó yọ fọ́ọ̀kì kúrò lẹ́nu.