Kànga Tí A Fi Erùpẹ̀ Dí

Ọdún kọkànlá rèé tí mi ò gbẹ́ kànga mọ́.
Ṣọ́bìrì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
alántakùn ti sọ ọ́ dilé.
Ẹni tó bá béèrè, mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.
Ẹ̀yìn kọ́.

Òkè Ẹlẹ́rìn la wà lọ́jọ́ náà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
èmi lókè, Látọ́nà àbúrò mi nísàlẹ̀.
Ó ń súfèé. Ó ní, "Bọ̀dá, ilẹ̀ ti ń tutù,
omi ò jìnnà mọ́."
Ni ilẹ̀ bá ya.
Okùn padà sọ́wọ́ mi, ó fúyẹ́ bí òwú.
Nígbà tí a gbé e jáde tán,
onílé ní ká fi erùpẹ̀ dí kànga náà.
Mo dí i.
Mo tún dí òmíràn tẹ́nikẹ́ni ò rí.

Ìyá Oyèpéjú, tó fọ aṣọ aláìsàn ní ọsibítù
títí irun rẹ̀ fi funfun,
ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan ni í kà fún odindi oṣù.
Mo lọ bá a tún ọgbà rẹ̀ ṣe, ó ní kí n jókòó.
Ó ka ti Ísáákì fún mi,
bó ṣe tún àwọn kànga bàbá rẹ̀ gbẹ́
tí àwọn ọ̀tá ti rọ erùpẹ̀ kún,
tó sì fi orúkọ àtijọ́ pè wọ́n.
"Ta ló ni kànga náà?"
"Màmá, ti Ábúráhámù ni."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lojú òde rí. Fi ojú inú kà á.
Erùpẹ̀ ta ló wà láyà rẹ?"
Mi ò fèsì. Mo mu gààrí tó bù fún mi, mo relé.

Lóru, mo ka ẹsẹ náà, mo pa àtùpà,
mo tún ń kà á nínú òkùnkùn.
Lẹ́tà tó ti ń rìn bí èèrà lórí bébà
wá di ihò ẹsẹ̀ lára ògiri kànga,
mo ń tẹ̀ wọ́n sọ̀ kalẹ̀.
Ìbínú ni mo kọ́kọ́ bá, ó pupa bí yangí.
Lábẹ́ rẹ̀, ìtìjú, amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.
Lábẹ́ ìtìjú, àpáta.
Ibẹ̀ ni mo há sí fún oṣù mẹ́rin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́,
ẹnu mi là láìròtẹ́lẹ̀:
"Látọ́nà."
Láti ọjọ́ náà, mi ò pe orúkọ yẹn rí.
Nǹkan kan tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Kì í ṣe omi o. Mi ò ní purọ́.
Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù ni,
irú èyí tí àbúrò mi rí tó fi ń súfèé.

Mo gbọn alántakùn kúrò lára ṣọ́bìrì.