Bó Ṣe Ń Paná

Ẹ ti bi mí tán ní Sábẹ̀ẹ́, ẹ ti rẹ́rìn-ín tán:
"Bíàú, ta ní ń dáná fún ejò nílẹ̀ olóòrùn?"
Mo ní ẹ dúró kí ọyẹ́ ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
kí àpáta tó mu oòrùn yó lọ́sàn-án
ó tutù rinrin kí àkùkọ tó kọ,
kí ètè yín ó là bí ilẹ̀ oko ẹ̀gúsí,
kí ẹ wá fọwọ́ kan erè mi nínú àpótí.

Ejò kì í gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.
Ọmọ tí òtútù bá mú á sunkún, ewúrẹ́ á ké,
erè á kàn ká ara rẹ̀ bí òṣùká, á dákẹ́,
títí ìdákẹ́jẹ́ náà á fi di nǹkan mìíràn.

Ní èṣí, mo ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ Wọ́rú
tó ń pàtẹ okùn iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fránkì. Ó funfun, ó ń dán,
nọ́ńbà rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹyẹlé.
"Tẹ́mósítà gidi ni, ọ̀gá. Kò lẹ́gbẹ́."
Mo so ó mọ́ gílóòbù,
mo tẹ ọgbọ̀n sí i lójú, mo lọ sùn.

Ẹ̀rọ lè mọ̀ọ́kà kó má mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́.
Irin kékeré inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kò já mọ́.
Ó ń kà: ọgbọ̀n, márùndínlógójì, ogójì ó lé,
bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà
tó ń ka olè bí wọ́n ṣe ń wọlé.
Nígbà tí mo jí,
abo erè tí mo ń sìn láti ìgbà tó gùn bí ìgbànú
ti na gbọọrọ sẹ́bàá àwo omi tó ti gbẹ.
N kò ní sọ ìyókù.

Afúsátù tó ń tún fíríìjì ṣe ló tú ẹ̀rọ náà wò.
Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ka: "Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bó ti kéré,
ẹ wo iná tí ẹ ní kó máa gbé mì.
Ẹ má bi ẹ̀rọ bó ṣe ń tanná, gbogbo wèrè ló lè tanná.
Ẹ bi í bó ṣe ń paná.
Èyí tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, òkùnkùn ló máa bàjẹ́ sí, ẹ ra ìyẹn.
Òtútù òru kan, erè lè yè é;
ooru wákàtí kan, ẹ ti rí i."
Ó tún ní, "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ibo lẹ fi í sí?"
Mo ní mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.
Ó pòṣé. "Ṣé gíláàsì lẹ ń sìn?"

Wọ́rú kò dá owó padà.
Ó fún mi ní àtùpà kan, a jọ dákẹ́.

Tuntun yìí, láti Kùtọnù ni, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Ó burẹ́wà bí bàtà ọlọ́pàá.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣọ́ àpótí òfìfo,
tẹmọmítà ọmọdé ń jẹ́rìí tì í,
kí n tó gbé ọmọ erè síbẹ̀,
ojú ẹ̀rọ lábẹ́ pákó, níbi tí ikùn ejò ń sùn.

Ọyẹ́ ń fọn lálẹ́ yìí. Iná ìjọba kò ṣeé finú tán,
mo ti ri òkúta mẹ́ta sínú eérú àdògán dè é.
Mo jókòó sínú òkùnkùn,
mo ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ.

Kẹ́.

Ó tó, ni ó wí. Gílóòbù kú.
Mo ṣì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó náà,
mo sì tún un kàn.