Méjì Lọ́wọ́, Mẹ́ta Nílẹ̀

Káàdì mẹ́rin ni Àǹtí Mosúnmọ́lá há fún mi
lórí àpótí tó dojú dé ní fàráńdà, l'Ókè-Àdó,
alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́
bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.
"Má fi han ẹnikẹ́ni," ló wí.
Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Kóró agbálùmọ̀ ni owó wa.
Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn gbẹ,
ó kà wọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka oògùn,
ogún fún mi, ogún fún ara rẹ̀:
ọgbọ̀n ọdún l'Ádéọ̀yọ́ kò tíì kúrò ní ìka rẹ̀.

"Wo èyí: ọkọ́ ni." Dúdú, ẹnu rẹ̀ ṣómú.
"Ọkọ́ tí a fi ń roko. Kì í ṣe ọkọ,
ìyẹn ti bá tirẹ̀ lọ."
Ọkàn pupa. Ewé olójú mẹ́ta. Dáyámọ́ǹdì,
tí òun ń pè ní dòdò, nítorí bí wọ́n ṣe ń gé e.

"Òfin kan ló le níbẹ̀.
Mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ, méjì lo máa lò.
Kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe mẹ́ta.
Márùn-ún á wá sùn nílẹ̀ láàárín wa,
mẹ́ta nínú wọn ni wàá mú mọ́ méjì rẹ.
Tún un wí."
Méjì lọ́wọ́, mẹ́ta nílẹ̀.
"Tún un wí bí ẹni tó gbọ́."

Mo wo ọwọ́ mi: ọba, ọba, ọba,
ọba.
Irùngbọ̀n mẹ́rin ń wò mí!
Mo ti gbogbo kóró mi síwájú, àyà mi ń lù kìkì.
Méje òun mẹ́sàn-án lásán ló fi kó wọn.

Ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi mì.
"Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, o ò mọ̀?
Àkàsọ̀ lọba ń gùn níbí, lọ́kọ̀ọ̀kan ni.
Ọba tó yẹ kó wá bá ọ nílẹ̀,
ìwọ lo tì í mọ́lé."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mí ní ẹni tí à ń mú:
"Mú àwọn tó mojú ara wọn.
Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, jáàkì,
bí ilé tí ẹnì kan ń bá ẹnì kejì pọnmi.
Kí ọkọ́ ó ní ọkọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, kí dòdò ó ní dòdò.
Eésì méjì dára, bí wọ́n bá lẹ́bí.
Mẹ́ta tó bára mu, tí ìkẹrin ń wo sánmà,
rò ó wò kó o tó na kóró."
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì iná,
iná tí wọn ò mú wá.

Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni jíjù ú sílẹ̀.
Bó ti wù kó burú tó, mo fẹ́ rí ibi tí yóò já sí.
"Ojúkòkòrò kọ́ ni tìẹ," ló wí, "ìwòran ni.
Ìwòran náà ń náni lówó."

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ku kóró mẹ́ta lọ́wọ́ mi.
Ó wo mẹ́rin tirẹ̀ pẹ́, ó wò mí,
ó wo òkè Màpó níbi tí iná wà.
Ó da káàdì dé. "Mo jáwọ́."
Ó wọlé lọ fi róòbù pa orúnkún.

A kì í ṣí káàdì tí ènìyàn dà nù. Òfin ni.
Mo ṣí i.
Eésì ọkọ́, eésì ọkàn,
ọba ọkọ́, ọba ọkàn.
Kò sí ọwọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ; òun náà ló kọ́ mi.

Mo ń gbọ́ ọ nínú ilé, ó ń wá ìdérí róòbù,
ó ń bá a wí bí ọmọ.
Mo po káàdì pọ̀, mo pò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Ó jáde wá. "Ta ló kàn láti há a?"
Mo ní èmi ni.
Òun ló kàn.