Àwọ̀ Aró, Àwọ̀ Ìyeyè

Ní Sàmárù, ọyẹ́ ti fi eruku kun fèrèsé,
iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì kí aago mẹ́wàá tó lù.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń hó bí ìkòkò,
mo ń wo ẹgbàá mẹ́wàá jíìnì:
ìlà kọ̀ọ̀kan, jíìnì kan; òpó kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan.
Ọgọ́ta ọmọ, tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní kílíníìkì Ọjọ́bọ̀,
àwọn tí ìyá mi ì bá pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.
A ò kọ orúkọ wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́ níbí.

Nọ́ńbà ò ṣe é wò. Mo gbìyànjú.
Ojú mi ń sáré lórí wọn bí ẹni ń ka iyanrìn.
Mo bá fi àwọ̀ lé wọn lára:
jíìnì tó ń pariwo, mo kùn ún ní pupa,
èyí tó ń sùn, mo kùn ún láwọ̀ ewé.
Inú mi dùn. Mo gbé e lọ fún Dókítà Maigari.
Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.
"Ìbídùn, kí ni mò ń wò yìí?
Ẹrẹ̀ ìgbà òjò ni gbogbo rẹ̀ lójú mi."
Ó lé lógún ọdún tó ti ń tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀,
kò fìgbà kan mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo ti ya òótọ́ tán, mo sì ti tì í mọ́lé.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ mọ́tò lọ sí Kánò,
mo dúró ní Kofar Mata, létí kòtò aró.
Malam Tanimu, tí apá rẹ̀ dú dé ìgúnpá,
ri aṣọ funfun bọ ihò, ó fà á jáde, ó tún rì í.
Ẹ̀ẹ̀kan, ó dà bí omi. Nígbà tó pẹ́, ó dà bí òru.
Mo bi í pé ìgbà mélòó ló kù.
Ó ní ojú ló ń kà á, kì í ṣe ẹnu.

Mo padà, mo fi aró kun àwọn tó sùn,
mo fi ìyeyè kun àwọn tó jí.
Mo ní kí kọ̀ǹpútà to àwọn ọmọ tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn;
ó yọ ẹ̀ka lé wọn lórí.
Ibẹ̀ ni mo ti rí i:
lórí ìlà kan, níbi tí gbogbo ọmọ ti ṣú,
òpó kẹtàdínlógójì ń tàn.

Jíìnì ẹ̀jẹ̀ inú oyún ni.
Ó yẹ kó ti sùn nígbà tọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.
Tirẹ̀ kọ̀. Ó ṣì ń hun pròtéènì àtijọ́,
èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé.

Nọ́ọ̀sì Asabe wo àwòrán náà pẹ́.
Kò gbọdọ̀ sọ orúkọ, kò sì sọ ọ́.
Ó kàn ní, "Àbí èyí tó máa ń fo bẹ́ǹṣì,
tó ń jẹ gorúbà
nígbà táwọn yòókù ń sunkún egungun?"
Mi ò dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé mo tẹ́ bébà náà síwájú Maigari.
Kí n tó nawọ́, ó ti fi ìka lé e,
lórí ìyeyè kékeré yẹn gan-an.
Eruku ọyẹ́ ìka rẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀.
Mi ò nù ún.